Àsọyé ìta gbangba àbí ẹgbẹ́ ìjíròrò: èwo ló yẹ ilé ìkàwé àdúgbò?
Àsọyé ló ń náni lówó jù: àga yíyá, epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ olùbánisọ̀rọ̀. Tábìlì kan ti tó ẹgbẹ́ ìjíròrò. Ṣùgbọ́n àsọyé lè kó àwọn tí kò wọ ilé ìkàwé rí wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bí olùbánisọ̀rọ̀ kò bá yọjú, àsọyé bàjẹ́ nìyẹn. Ní ti ìjíròrò, ẹnì kan lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu; ẹ yan atọ́nà tó lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí màmá tó wà lẹ́yìn sọ̀rọ̀."

Ìjíròrò ló ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ ìjíròrò tí Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní ìlú Philadelphia lọ́dún 1727 ló bí ilé ìkàwé Library Company lọ́dún 1731.

Bí ọ̀rọ̀ àjẹsára bá délẹ̀, ẹ ṣe àsọyé. Bí ẹ bá fẹ́ káwọn ọ̀dọ́ máa padà wá, ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.