Pọ́ǹpù ọwọ́ àti aró UV: bí wọ́n ṣe bá mi rí ibi tí omi rédíétọ̀ ń gbà lọ

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi ti lé ní ọdún 20, odidi oṣù mẹ́rin ni ó sì fi ń gbé omi rédíétọ̀ mì láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣoṣo balẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá bu omi kún ike ìpamọ́ rẹ̀ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, omi náà yóò ti lọ sílẹ̀ kọjá ìlà ìsàlẹ̀, yóò sì gbà tó ìdajì lítà kí ó tó tún kún. Ohun tí ó wá sí ọkàn kálukú ni àwọn mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ń sọ. Ọ̀kan pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀, èkejì pààrọ̀ rọ́bà omi ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ̀kẹta sì ní àfi kí a tú orí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èdìdì tí ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ni ó ti jó. Kò sí èyí tí ó kọ́kọ́ wá ojú ibi tí omi ń gbà jáde nínú wọn, èmi náà sì dà bí ẹni tí ó ń fi agbọ̀n pọn omi. Ìdí nìyí tí mo fi ra àpótí irinṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré kan tí ó ní géèjì lórí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oríṣiríṣi ìdérí tí a fi ń so ó mọ́ ẹnu rédíétọ̀, ìgò aró UV kan (aró tí ń tàn bí a bá tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i), tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, àti awò ojú aláwọ̀ ìyeyè.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tí pọ́ǹpù náà ń ṣe, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ohun ìṣeré lásán ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná ni omi inú rẹ̀ ń wú, nígbà tí kò sì rí ibi tú sí, agbára rẹ̀ á máa ga sí i títí dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìdérí rédíétọ̀, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín psi 13 sí 16 (psi ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára tí omi tàbí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan). Agbára yìí ṣe pàtàkì, torí pé òun ni kì í jẹ́ kí omi tètè hó: psi kan péré tí ó bá gorí rẹ̀ ń sún ojú ìwọ̀n tí omi fi ń hó sókè ní nǹkan bíi Celsius 1.5. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ń ti omi gba ojú ihò tín-ín-rín tí omi kò lè gbà nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, bí omi náà bá sì ti jáde sórí irin gbígbóná, á gbẹ kí ó tó kán sílẹ̀. Ibi tí ó fi ara pamọ́ sí nìyẹn. Pọ́ǹpù yìí ń mú irú agbára yẹn wá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú tí ó sì ti tutù, tí etí lè gbọ́ ìró, tí ọwọ́ lè wọ ibi gbogbo láìjóná, tí omi tí ó bá sì jáde yóò dúró níbi tí ó gbà jáde kí ojú lè rí i.

Mo jẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn mọ́jú kí n tó ṣí i, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná ń fi ojú àti àyà ara rẹ̀ wéwu. Psi 15 ni wọ́n kọ sára ìdérí tèmi, psi 15 náà ni mo sì gbé géèjì dé, n kò kọjá bẹ́ẹ̀, torí pé rédíétọ̀ tí ó ti gbó lè bẹ́ tí a bá ti afẹ́fẹ́ sí i jù. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ọwọ́ géèjì ti já sí 9. Ẹ̀rù bà mí gan-an, àṣé ọkọ̀ kọ́ ni ó ń jò, ìdérí inú àpótí irinṣẹ́ náà ni: wọ́ṣà rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, kò sì lẹ̀ mọ́ ẹnu rédíétọ̀ dáadáa. Omi ọṣẹ tí mo fi yí ẹnu rẹ̀ ká ni ó tú àṣírí rẹ̀, nítorí pé ó ń ṣe ìfófòó lójú mi. Èyí ni àbùkù tí ó tóbi jù tí mo rí lára ọjà yìí, mo sì kà á sí ẹ̀sùn ńlá, nítorí pé irinṣẹ́ tí a rà láti fi mọ ohun tí ó ń jò kò gbọdọ̀ máa jò fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá fura lè tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn. Wọ́ṣà mìíràn ni mo wá fi sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ géèjì rọra já láti 15 sí 12 láàárín 20 ìṣẹ́jú, mo sì mọ̀ dájú pé òótọ́ ni omi ń jò.

Géèjì á sọ fún ọ pé omi ń jò, kò ní sọ ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ojú ibi tí ike rédíétọ̀ ti pàdé irin rẹ̀ gbẹ. Ihò kékeré tí ó wà lábẹ́ pọ́ǹpù omi, èyí tí omi ń gbà yọ bí èdìdì inú rẹ̀ bá ti jẹ, gbẹ pẹ̀lú. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù sókè, nítorí pé rédíétọ̀ kékeré ti hítà máa ń da omi síbẹ̀, gíláàsì iwájú á máa ṣú, òórùn dídùn kan á sì máa rùn nínú ọkọ̀. N kò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ní ti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí, mo fi psi 15 sílẹ̀ fún wákàtí kan, mo yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, mo sì tan iná wo inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbẹ. Nígbà tí mo tún ti ẹ́ńjìnnì náà síṣẹ́ ní tútù pẹ̀lú pọ́ǹpù lẹ́nu rédíétọ̀, ọwọ́ géèjì kò sáré gòkè, èyí tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní èéfín sílíńdà ń wọ inú omi. Ẹ̀rí méjèèjì yìí ni kò jẹ́ kí n tú orí ẹ́ńjìnnì, fún ìyẹn nìkan, pọ́ǹpù náà ti san owó tí mo fi rà á padà.

Aró ni ó parí ìyókù. Mo da ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ sínú omi rédíétọ̀, mo wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó lè yí ká dáadáa, mo sì dúró di alẹ́, nítorí pé tọ́ọ̀ṣì inú àpótí náà kò lágbára tó láti fi ríran lọ́sàn-án. Mo wọ awò ojú, mo tún gbé géèjì dé 15, mo sì na dígí kékeré ọlọ́wọ́ gígùn sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀ ewéko títàn kan wà níbẹ̀ tí ó ṣàn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Páìpù irin tí ó ń gbé omi gbígbóná lọ sí hítà ni. Ó gba àárín ẹ́ńjìnnì àti ògiri irin tí ó wà níwájú dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá, abẹ́ kílíìpù tí ó di rọ́bà mọ́ ọn gan-an ni ìpata sì ti jẹ ẹ́ lu. Kò sí bí ojú lásán ṣe lè dé ibẹ̀, òkè páìpù èéfín ni omi náà sì ń bọ́ sí, ibẹ̀ ni ó ti ń gbẹ. Ó dùn mí pé wọn kò fi irú dígí bẹ́ẹ̀ sínú àpótí náà, nítorí pé láìsí i, n kò ní rí nǹkan kan.

Ìtúnṣe náà kò gba ọgbọ́n tó wíwá rẹ̀. Páìpù tuntun, rọ́bà tuntun àti kílíìpù tuntun ni mo fi sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán kan gbáko ni mo fi tú àwọn ohun tí ó dí ọ̀nà. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n da ògùn adíhò sínú rédíétọ̀, mo kọ̀ ọ́, torí pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò tí ń jò àti ọ̀nà tín-ín-rín tí omi ń gbà nínú hítà. Ìdajì kúláǹtì (èròjà olómi tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀) àti ìdajì omi dísítílì ni mo dà padà sí i, mo ṣí hítà dé òpin, mo sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán. Inú ike tí a dé pa ni mo gba kúláǹtì àtijọ́ sí, nítorí pé ó ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé àti ajá. Mo tún so pọ́ǹpù mọ́ ọn: psi 15, wákàtí kan, ọwọ́ géèjì kò mì.

Nítorí náà, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún àpótí irinṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ìkìlọ̀ mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà rẹ̀ kí ẹ tó gba ohun tí géèjì bá sọ gbọ́. Wọn kò kọ irú ọkọ̀ tí ìdérí kọ̀ọ̀kan bá mu sí i lára, nípa bẹ́ẹ̀, wíwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, rọ́bà pọ́ǹpù náà sì kúrú débi pé mo ní láti tẹ ẹ̀yìn ba kí n tó lè ka géèjì. Èkẹta ni pé ihò tí kì í là àfi bí irin bá gbóná kò ní fi ara hàn fún pọ́ǹpù ní tútù, aró nìkan ni ó lè mú irú rẹ̀.

Oṣù méjì ti kọjá báyìí, omi inú ike náà kò kúrò lójú ìlà. Mo ti fi omi ọṣẹ fọ gbogbo aró tí ó kù lára ògiri irin náà, kí ó má baà jẹ́ pé bí omi bá tún jò lọ́jọ́ iwájú, ti àtijọ́ ni yóò máa tàn lójú mi.