Tòmátì inú ọ̀rá: ẹ̀yìn ni kí ẹ kà, ẹ fi àwòrán iwájú sílẹ̀

Orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n ń to oríṣi méjèèjì sí. Ọ̀rá pupa, àwòrán tòmátì tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, gíráàmù 70. Ọ̀kan jẹ́ tòmátì tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, èkejì jẹ́ omi, sítáàṣì àti aró tí wọ́n fi tòmátì díẹ̀ sí. “Tomato paste” ni wọ́n kọ sára àkọ́kọ́, “tomato paste mix” ló wà lára èkejì, lẹ́tà “mix” yẹn sì máa ń rí wínníwínní débi pé ojú lè fò ó.

Ẹ yí ọ̀rá náà padà kí ẹ wá “ingredients”. Èròjà tó bá wúwo jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Tó bá jẹ́ tòmátì nìkan, tàbí tòmátì àti iyọ̀, ọjà gidi nìyẹn. Tó bá jẹ́ omi ló ṣáájú, tí “modified starch”, ṣúgà, “flavour”, E124 tàbí E129 wá tẹ̀ lé e, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. E124 àti E129 kì í ṣe nǹkan míì, aró pupa ni. Nọ́ńbà NAFDAC kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí o: ó fi hàn pé wọ́n forúkọ ọjà sílẹ̀, kò sọ bí wọ́n ṣe pò ó. Nínú ìpele 4 tí Carlos Monteiro, onímọ̀ nípa oúnjẹ, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní São Paulo ní Brazil pín oúnjẹ sí, bí iléeṣẹ́ bá ṣe pò ó tó, tòmátì oníyọ̀ wà ní ìpele 3; “mix” aláró wà ní ìpele 4, èyí tí iléeṣẹ́ pò jù, pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì.

Àkọlé tó ti pa rẹ́ ńkọ́? Ẹ ra iodine, oògùn ojú egbò, ní kẹ́míìsì. Ẹ po ìlàjì ṣíbí kékeré tòmátì náà mọ́ omi ife kan kó là dáadáa, kí ẹ wá kán iodine sí i. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ lè pòórá, torí fítámìn C inú tòmátì máa ń pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ẹ kán méjì mẹ́ta sí i. Tó bá dúdú bí ẹ̀lú, sítáàṣì wà níbẹ̀. Ẹ da èyí tí ẹ fi dán an wò yẹn nù, kò ṣeé jẹ mọ́.

Orí iná gan-an ni àṣírí ti ń tú. Ojúlówó, tí ẹ bá ń dín in, ìkan rẹ̀ á lọ, òróró á sì yọ sókè. “Mix” ní tirẹ̀ á máa ki, á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, á jó kí òróró tó yọ. Tí ọbẹ̀ bá tutù, á dì bí ẹ̀kọ. Iná kọ́ ló fà á, sítáàṣì ló wú. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rá méjì lẹ máa tú kí ọbẹ̀ tó pọ́n.

Ojúlówó tí wọ́n gbẹ dé 28% (ìyẹn ni pé ìdá 28 nínú 100 rẹ̀ kì í ṣe omi) dára, a ò ní tàbùkù rẹ̀: gíráàmù 70 dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi gíráàmù 400 tòmátì tútù. Ẹ kàn wo iyọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ “sodium” ni wọ́n kọ, ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó mọ iye iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, magí tí ẹ máa jù sínú ọbẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì bá wálẹ̀ lọ́jà Bódìjà n'Íbàdàn, ẹ lọ tòmátì tútù, kí ẹ sè é nínú ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò láìdé e. Kílò 1 á gbẹ kù bíi gíráàmù 150 sí 180. Ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ kó o sínú fírísà. Tòmátì gbígbẹ tó ń ti Òkè Ọya wá náà dára, àmọ́ ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sá a sí, iyanrìn kì í wọ́n lára rẹ̀: ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, kí ẹ má sì da ìsàlẹ̀ omi náà sínú ọbẹ̀.