A gun Òkè Ìdànrè pẹ̀lú màmá wa: ẹ lọ, àmọ́ ẹ má kánjú

Oṣù kọkànlá tó kọjá la lọ, èmi, àbúrò mi obìnrin àti màmá wa tí wọ́n ti pé 66. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti débẹ̀, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí, àtẹ̀gùn ni wọ́n máa sọ, bí ẹsẹ̀ ṣe ro wọ́n tó, fọ́tò tí wọ́n yà lókè, ó tán. Èmi ò gbà pé àtẹ̀gùn ló yẹ ká máa sọ. Ìlú ló wà lókè yẹn o! Odidi ìlú táwọn èèyàn tẹ̀ dó sáàárín àpáta, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n jọba níbẹ̀, wọ́n dájọ́ níbẹ̀, wọ́n sìnkú síbẹ̀. Ẹni tó bá sáré gòkè tó sáré sọ̀ kalẹ̀, kò tíì rí nǹkan kan.

Láti Àkúrẹ́ síbẹ̀ ò jìnnà, bíi kìlómítà 24 ni, àmọ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ ọ̀hún làwọn òkè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tóbi, wọ́n ń dán nínú oòrùn, ilé sì wà ní ìdí wọn bí ẹni pé ẹnì kan kàn to páálí ìṣáná síbẹ̀. Àsìkò kòkó la bọ́ sí, wọ́n sá kòkó káàkiri, òórùn ẹ̀ tó kan díẹ̀ yẹn kún inú mọ́tò. Ẹnì kan ní ká ti wíńdò, màmá wa ní kò ní ṣeé ṣe, wọ́n ní "Òórùn owó ilé ìwé bàbá yín rèé."

Ibi tó ti bà mí nínú jẹ́ ni tàwọn tó kó wa lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa, a débẹ̀ ní méje kú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago mẹ́wàá ti kọjá kí mọ́tò tó gbéra. Oòrùn ti wà lágbede méjì ọ̀run ká tó dé ìdí òkè, wọ́n wá ń sọ fún wa pé wákàtí méjì péré la ní láti gòkè ká sì sọ̀ kalẹ̀. Wákàtí méjì, pẹ̀lú àgbàlagbà! Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ tí wọ́n bá ti ṣe tán, a máa wá mọ́tò padà fúnra wa, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ rárá.

Ẹ máa sanwó ìwọlé nísàlẹ̀, ẹ gba amọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé ẹ ò nílò ẹ̀. Ọmọ ìlú ni tiwa, ó sì mọṣẹ́. Àtẹ̀gùn yẹn tó bíi 660, irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ téèyàn lè dì mú, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ ni amọ̀nà wa ti sọ fún màmá wa pé "Màmá, ẹ má wòkè o, ibi tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wa gòkè. Níbi ìsinmi kẹta, màmá wa jókòó, wọ́n di ojú, òógùn ń kán látàárí, ẹ̀rù bà mí, mo ti fẹ́ sọ pé ká padà. Amọ̀nà wá ń ṣàlàyé pé kò sí ọ̀nà mọ́tò rí, kò tiẹ̀ sí àtẹ̀gùn yìí láyé ọjọ́un, orí làwọn èèyàn fi ń ru ohun gbogbo gòkè, oúnjẹ, igi, páànù tí wọ́n fi bo ilé. Màmá wa la ojú. "Páànù?" Wọ́n dìde.

Téèyàn bá ti kọjá àtẹ̀gùn, ojú ilẹ̀ á wá tẹ́ díẹ̀, ìlú náà á yọ sí ẹ láàárín àwọn òkè, bí ìgbà tí àpáta fi ọwọ́ bò ó. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ ìdí tí wọ́n fi lọ gbé ibẹ̀ láyé ogun, ta ló fẹ́ gun ibi yẹn wá bá èèyàn jà? Ó ti tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún táwọn ará ìlú ti kó wá sísàlẹ̀, sí ibi tí ìlú wà báyìí, àmọ́ ilé wọn ṣì wà lókè. A rí ilé ìwé àtijọ́, a rí kóòtù, a dé ààfin Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè. Mo pẹ́ ní ààfin yẹn gan-an. Ògiri amọ̀ ni, àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára ló gbé òrùlé dúró, mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan, imú ère náà ti jẹ tán, àmọ́ ipa ọ̀bẹ agbẹ́gilére ṣì wà níbẹ̀, ó rí gátagàta lábẹ́ ìka mi. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú tipẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó sì dùn mí nìyẹn. Apá kan ògiri ti ń wó, àwọn tó wá ṣeré sì ti fi èédú kọ orúkọ ara wọn àti ti ọ̀rẹ́bìnrin wọn sára ibi tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé, ó sì ṣì wà níbi tó ti ń retí, nígbà tí wọ́n ti mú Sukur, ìlú orí òkè kan ní Adamawa, láti 1999 àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láti 2005. Òjò ò ní dúró de ìwé o, ọdọọdún ló ń fọ amọ̀ yẹn lọ.

A dé ibi omi Àpáàrá, a rí àwọn àmì lára àpáta tí wọ́n ní kò tíì sẹ́ni tó lè kà á. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tiẹ̀ wà lórí àwọn òkè yìí tí kò sí níbòmíì láyé, ó ti pẹ́ táwọn onímọ̀ ti rí i kẹ́yìn kí wọ́n tó tún rí i ní 2013, àwa ò rí i ṣá, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé.

Ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn, ẹnì kan nínú ìtàn Ìdànrè, ló gbẹ̀yìn. Àpáta ni, ó jìn wọlé bí ẹsẹ̀ èèyàn, ìtàn wọn sì ni pé ẹsẹ̀ tó wù kó jẹ́, ńlá tàbí kékeré, á bá a mu, àfi ti àjẹ́. Àbúrò mi ti tì tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Màmá wa dúró, wọ́n ń wò ó, gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n bọ́ sálúbàtà, wọ́n fi etí ìró nu àtẹ́lẹsẹ̀ wọn dáadáa bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá àlejò, wọ́n wá gbé e sí i. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Wọ́n ní "Ó tutù", wọn ò tètè yọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ: kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni kẹ́ ẹ gbéra, ẹ wọ kánfáàsì, ẹ gbé omi tó pọ̀ dání torí a ò rí ibi ra omi lókè, tó bá jẹ́ àsìkò òjò ẹ ṣọ́ra, àpáta tó tutù máa ń yọ̀. Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ kan gbáko. Nínú máàkì márùn-ún, òkè náà gba márùn-ún lọ́wọ́ mi, àwọn tó kó wa lọ gba ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ ká tó sọ̀ kalẹ̀, orúnkún màmá wa wú lọ́jọ́ kejì, a fi omi gbígbóná jó o, àmọ́ fọ́tò ẹsẹ̀ wọn nínú ihò àpáta yẹn ló wà lórí WhatsApp wọn títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.