Kíìtì API tí mo fi ń wọn amóníà nínú pọ́ndì koi mi n'Íjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja koi, ẹja aláràbarà tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ yẹn, nílé, tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí bébà tí wọ́n ń tì bọ omi láti fi yẹ̀ ẹ́ wò yẹn.

Ẹ̀yìn ilé wa n'Íjẹ̀bú-Òde ni mo kọ́ pọ́ndì tèmi sí, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni, omi inú ẹ̀ tó lítà 4,000. Koi mẹ́sàn-án ni mo kó sínú ẹ̀, kò sì tí ì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Iléyá fi dé. Ẹ mọ bí ilé ṣe máa ń kún níbí lásìkò yẹn, gbogbo ẹbí ló wálé torí Ojúde Ọba tó máa ń bọ́ sọ́jọ́ kẹta ọdún, àwọn ọmọ ò kúrò létí pọ́ndì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èyí bu oúnjẹ sómi, ìyẹn náà tún bu tiẹ̀, torí bí koi ṣe ń ya ẹnu yẹn dùn mọ́ wọn gan-an. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ tí puròtéènì ẹ̀ tó 45% sì ni, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin àrọ̀ ní Eriwe ló fún mi. Puròtéènì yẹn gan-an ló ń di amóníà lára ẹja, ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ló ti ń tú ọ̀pọ̀ ẹ̀ sómi, èyí tí wọn ò bá sì jẹ tó rì sísàlẹ̀, tó bá jẹrà amóníà náà ló ń dà.

Lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba mo jí, mo rí koi funfun kan tó ní àmì pupa lórí, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, ó lọ dúró síbi tómi ti ń já wọlé, ó ń gbé ẹnu sókè, lẹbẹ ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara pátápátá. Kò tó ọ̀sán tó fi kú. Òmíràn tẹ̀ lé e lálẹ́. Omi ọ̀hún sì mọ́ kedere o, tẹ́ ẹ bá ju abẹ́rẹ́ sí i ẹ máa rí i nísàlẹ̀, amóníà ò ní àwọ̀, iye tó ń pa ẹja ò sì tó èyí téèyàn máa gbóòórùn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àràárọ̀ ni mo ń bọ bébà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà pé "Bùrọ̀dá, kò sóhun tí kì í wọ̀n nínú omi". Ìgbà tẹ́ja kú ni mo tó jókòó ka ara agolo ẹ̀ dáadáa: pH (ìyẹn bí omi ṣe ní ásíìdì sí) wà níbẹ̀, nitrite wà, nitrate wà (ohun tí amóníà máa ń dà nìyẹn), bómi ṣe le sí náà wà. Amóníà ò sí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo nǹkan tí ò lè sọ fún mi pé májèlé wà lómi. Inú bí mi gidi.

Ọ̀rẹ́ mi ará Eriwe yẹn ló ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ra olómi". Èkó ni mo ti rí i rà, kíìtì amóníà API (orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìyẹn), igo kéékèèké méjì, túùbù, àti káàdì aláwọ̀. Ẹ bu omi pọ́ndì mílílítà 5 sínú túùbù, ẹ kán igo kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹ kán ìkejì náà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹ dojú igo kọlẹ̀ tààrà tẹ́ ẹ bá ń kán an kí ẹ̀kán náà lè dọ́gba, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ wá fi í lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Tó bá ní àwọ̀ ìyeyè, òdo ni, kò sí wàhálà. Tèmi ò dúró ní ìyeyè rárá, kí ìṣẹ́jú 5 tó pé ó ti di àwọ̀ ewé bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gbé e ti káàdì nínú oòrùn, mílígíráàmù 4 nínú lítà kan ló bọ́ sí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: àpapọ̀ amóníà ni kíìtì yìí ń kà, pH ló máa sọ èyí tó jẹ́ májèlé nínú ẹ̀. Tómi bá wà ní nǹkan bí 25°C, tí pH jẹ́ 7, èyí tó léwu ò tó ẹyọ kan nínú 100. Tí pH bá di 8 ó tó 5, tó bá wá di 9 ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Pọ́ndì tèmi sì jẹ́ tuntun, sìmẹ́ǹtì ṣì ń tú oró ẹ̀ sómi, pH wà ní 8.5. Ìdí tí koi mi fi kú nìyẹn, torí náà ẹ ra ti pH mọ́ ọn.

Mo da ìdajì omi nù díẹ̀díẹ̀, mo fi ti kànga-ẹ̀rọ wa rọ́pò, kò ní kílórínì, mo sì dá oúnjẹ dúró fọ́jọ́ márùn-ún. Nígbà tí amóníà ń lọ sílẹ̀, nitrite, tóun náà ń pa ẹja, bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, mo da iyọ̀ kílò 4 sí i, ìyẹn gíráàmù 1 sí lítà kan, kó má baà wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bakitéríà inú fílítà ló ń jẹ amóníà, kì í sì í dàgbà lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà kí túùbù mi tó di ìyeyè. Bakitéríà yẹn ń mí bíi ti ẹja, tí wọ́n bá mú iná lọ tí pọ́ǹpù dúró pẹ́, kíkú ni wọ́n máa ń kú, mo ti wá ra inverter kékeré fún pọ́ǹpù nìkan.

Ní ti kíìtì fúnra ẹ̀, ẹ má kà á lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè lálẹ́, ó máa ṣì yín lọ́nà. Ẹ má da inú túùbù padà sí pọ́ndì, ẹ sì gbé igo jìnnà sọ́mọdé. Ó máa ṣe ìgbà 130, owó ẹ̀ ò sì tó ti koi kan ṣoṣo nínú àwọn méjì tó kú yẹn. Èmi fún un ní máàkì 9 nínú 10, ká ní pH wà nínú páálí kan náà ni, ǹ bá fún un ní gbogbo ẹ̀.

Koi méje ló kù, wọ́n wà dáadáa. Àpò oúnjẹ ẹja ti wà nínú yàrá mi báyìí, tí Iléyá bá tún dé, ẹ̀kúnwọ́ kan ni màá bù fún àwọn ọmọ láàárọ̀, kí wọ́n pín in.