Bilitis ti Debussy àbí Odes ti Roussel: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ń wá ìwé orin Faransé fún ohùn kan àti píánò, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ ewì Gíríìkì àtijọ́, kò ní pẹ́ pàdé Trois chansons de Bilitis, tí Claude Debussy ṣe láàárín 1897 sí 1898, àti Odes anacréontiques, tí Albert Roussel ṣe ní 1926.

Bó bá jẹ́ ojúlówó ewì Gíríìkì lẹ ń fẹ́, kì í ṣe ti Debussy. Pierre Louÿs ló fi Faransé kọ ewì náà fúnra rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1894 bí ẹni pé ṣe lòun kàn túmọ̀ iṣẹ́ obìnrin Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Bilitis. Bilitis kankan kò sì sí rárá. Ní ti Roussel, ewì Gíríìkì tó wà lóòótọ́ ni, tí akéwì Faransé Leconte de Lisle túmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣàfarawé Anacreon, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ló kọ ọ́, kì í ṣe Anacreon gan-an.

Síbẹ̀, bí owó yín bá mọ sí ìwé kan, Bilitis ni kí ẹ rà. Nínú orin kìn-ín-ní, píánò á sáré gòkè bí ohùn fèrè, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn inú orin náà á sì máa kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí yóò wá rántí pé ìyá òun kò ní gbà láé pé ìgbànú tó sọnù lòun ń wá láti ọjọ́ yìí. Nínú ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan fi irin ọkọ́ fọ́ yìnyín orísun omi, ó gbé e sókè, ó sì ń wo ojú ọ̀run láti inú rẹ̀. Ohùn obìnrin tí kò ga jù ló yẹ ẹ́. Ẹ ṣọ́ra o: Debussy tún ṣe Bilitis mìíràn ní 1900 sí 1901, èyí tí wọ́n ń ké bí ewì sí fèrè méjì, háàpù méjì àti celesta (ohun èlò orin kékeré tó dà bíi píánò, tó ń dún bí agogo), kò sí orin kíkọ nínú rẹ̀.

Mẹ́fà ni orin Roussel, mẹ́ta ní opus 31 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ olórin), mẹ́ta ní opus 32, nítorí náà ẹ wò ó bóyá méjèèjì ni wọ́n ń tà fún yín. Àwàdà ọ̀mutí pọ̀ níbẹ̀: ilẹ̀ ń mu, igi ń mu, òòrùn ń mu òkun, òṣùpá ń mu òòrùn, kí ló wá dé tí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ fi ń bá mi jà nítorí pé mo fẹ́ mu tèmi? Ohùn ọkùnrin ló bá a mu.

Debussy kú ní 1918, Roussel ní 1937, nítorí náà ẹ̀tọ́ àdàkọ iṣẹ́ wọn ti parí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ibi ìkówèé orin sí lórí ayélujára. Bí ẹ óò bá náwó, ẹ̀dà tuntun tó mọ́ lójú, tó sì ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin, ni kí ẹ ná an lé.