Iṣẹ́ irun l'Ájàṣẹ́: ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá àbí sẹ́ńtà?

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí wọ́n bá ní ká tún ẹ̀kọ́ṣẹ́ irun tò, èwo lẹ máa mú? Lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọwọ́ ọmọ máa ń yá gan-an, á mọ ṣùkú, á mọ kòlẹ́sẹ̀, á mọ bí wọ́n ṣe ń tu oníbàárà tó ń yọnu lójú, àmọ́ ó lè fọdún kan gbálẹ̀ kó tó di kóòmù mú (èmi náà gbálẹ̀ o!). Ní sẹ́ńtà, ìyẹn iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á ṣàlàyé fún un pé irú sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ló wà nínú ọ̀pọ̀ rìláàsà tí wọ́n fi ń na irun, ìyẹn ló ń bó awọ orí, ẹ wo àpá etí mi. Ṣùgbọ́n orí bèbí oníke ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, bèbí kì í sì í pariwo "ó ń ta mí". Èmi, ṣọ́ọ̀bù ni mo mú, kí wọ́n kàn fi ọjọ́ sẹ́ńtà kan sí i lọ́sẹ̀ kí ọmọ tó lọ ṣèdánwò CQM, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba Benin.