Kíláàsì orin ọjọ́ Sátidé kan ní Kàbà, àti ọmọ tó ń múra àtijáde ní SS3

Ọ̀pọ̀ òbí tó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀ ló ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kíláàsì orin tí wọ́n ń ṣe nígboro lọ́jọ́ Sátidé tó owó tí wọ́n ń gbà. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 ti lo ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko níbẹ̀, èmi náà a sì máa jókòó sẹ́yìn yàrá bí mo bá lọ mú un. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní àléébù nínú, ẹni tó dá a sílẹ̀ sì ń sa gbogbo ipá rẹ̀. Èrò mi ni pé wọ́n mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ lórin, wọ́n tún mọ bí a ṣe ń bá ọmọ jókòó sọ ohun tí yóò fi orin náà ṣe lẹ́yìn tó bá jáde, àmọ́ ohun èlò tí wọ́n ní kò tó iye ọmọ tí wọ́n ń gbà wọlé.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti wù mí jù ni bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ kúrò lórí sol-fa, ìyẹn dò, rè, mì, bọ́ sórí ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ àmì orin sí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní staff. Ọmọ Òkun, ìyẹn ọmọ Yorùbá agbègbè Kàbà wa yìí, tó bá dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ì báà jẹ́ ti Kátólíìkì, ti Áńgílíkà tàbí ti ECWA, kì í bẹ̀rù sol-fa. Bí ẹ bá gbé ìwé orin lé e lọ́wọ́, yóò kọ ohùn tirẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé iwájú ìdánwò WAEC, ìlà márùn-ún ni yóò bá pàdé, gbogbo rẹ̀ a sì rú u lójú. Ohun tí sol-fa ń sọ fún un ni ipò tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà sí dò, ibikíbi tí dò náà ì báà bọ́ sí, nígbà tí ìlà márùn-ún ń fi gíga ohùn náà gan-an hàn án. Olùkọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Yóò mú orin ìyìn tí gbogbo wọn ti mọ̀ láti kékeré, yóò ní kí wọ́n fi sol-fa kọ ọ́, yóò wá fi ṣọ́ọ̀kì gbé dò sórí ìlà kan lára pátákó, kí àwọn ọmọ fúnra wọn tó wá máa to ìyókù síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti tò ó tán, yóò nu gbogbo rẹ̀, yóò gbé dò sí ibòmíràn, yóò sì ní kí wọ́n tún un tò. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń fi ẹnu báírò ka ìlà láti ìsàlẹ̀ sókè, tí ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni ń gbàdúrà, títí tó fi kígbe pé orin kan náà ni, ilé ló kàn yí padà. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ni ọ̀rọ̀ náà yé. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tíì dún, wọn a gbé ìlù jáde, wọn a sì máa fi àtẹ́wọ́ ka iye ìlù tó wà nínú ọ̀pá orin (bar) kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ń jókòó lásán.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi ọkàn sí jù. Ní sáà kejì, olùkọ́ náà máa ń pe ọmọ SS2 àti SS3 kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òbí rẹ̀ sí ìpàdé kúkúrú. Yóò ṣí ìwé, yóò sì kọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ kà sílẹ̀, ibi tó fẹ́ lọ, iṣẹ́ (sọ́bújẹ́ẹ̀tì) tó nílò, àti ohun tí yóò ṣe bí kò bá rí àyè wọlé lọ́dún àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ yékéyéké pé ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ orin ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kirẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, àti pé nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí à ń fi JAMB ṣe, Use of English jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ. Ẹ̀ka orin ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ti wà láti 1961, ti Ilé-Ifẹ̀ sì lórúkọ. Ní Ìlọrin, abẹ́ Performing Arts ni orin wà. Ọmọkùnrin kan tí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ń wù ju kó máa kọrin lọ, Pólì Ìbàdàn ni wọ́n júwe fún un, nítorí pé wọ́n ń kọ́ni ní Music Technology níbẹ̀. Ẹlòmíràn gbọ́ nípa díplómà ọlọ́dún méjì ti ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Èkó. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfòyà, olùkọ́ náà kò sì bá a jiyàn. Ó kàn bá a ṣètò ìgbà tí yóò máa rí àyè lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi dùn sí èyí gan-an, nítorí pé mo ti rí olùkọ́ tó ń fẹ́ kí gbogbo ọmọ dà bí òun.

Àwòrán Fẹlá Ṣówándé, Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń fi ìlà márùn-ún kọ orin sílẹ̀, wà lára ògiri yàrá náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọlé rò pé ìràwọ̀ orin ẹ̀mí nìkan ni orin lè sọ ènìyàn dà, títí tí wọ́n yóò fi gbọ́ pé Euba, tí wọ́n bí ní 1935, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà.

Àléébù tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ọmọ mẹ́rin ló ń pín kíbọ́ọ̀dù kan, ẹni tó bá sì tijú kì í fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kíbọ́ọ̀dù náà ní bọ́tìnì 61, bẹ́ẹ̀ ni 88 ló wà lára píánò, bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù náà sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Èyí kò pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára, àmọ́ nígbà tó bá gòkè sí orin tó le, àwọn ohùn kan kì í sí lórí rẹ̀ rárá, ìka rẹ̀ kò sì ní lágbára tí píánò gidi ń béèrè. Wọ́n tún máa ń fi ìdánwò orin ti ABRSM, àjọ ìdánwò orin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, polówó ara wọn, wọn kì í sì í ṣàlàyé tó. Kí òbí mọ̀ pé gíréèdì mẹ́jọ ni, àti pé ọmọ gbọ́dọ̀ ti yege Gíréèdì 5 nínú tíọ́rì, tàbí ìdánwò mìíràn tí wọ́n gbà dípò rẹ̀, kó tó lè ṣe Gíréèdì 6. Láti 2020 ni ABRSM ti gbà kí ọmọ fi fídíò ìṣeré rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé, èyí sì lè ran àwa ará Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà lọ́wọ́ gidigidi, níwọ̀n ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fẹ́ gbọ́ tiwa. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi níbẹ̀. Èmi ni mo lọ wá a. Wọn kì í fún òbí ní ìwé àbájáde ní òpin sáà, aago mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè sì sábà máa ń di mẹ́wàá.

Bí ọmọ yín bá wà ní JSS3 tàbí SS1, ẹ mú un lọ. Bó bá ti wọ SS3 tí kò sì tíì fi ojú kan ìlà márùn-ún rí, ẹ má fi owó yín ṣòfò nítorí WAEC, nítorí pé ọwọ́ àti etí kì í tètè mọ ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á sí ìpàdé ti ọjọ́ iwájú yẹn nìkan, wọ́n sì máa ń gbà. Ọmọbìnrin mi yóò padà síbẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, àbúrò rẹ̀ yóò sì bá a lọ, ṣùgbọ́n kí n tó sanwó, n óò béèrè iye ọmọ tí yóò máa jókòó sí ìdí kíbọ́ọ̀dù kan.